Ẹ Kó Fọ́tò Olówó Kúrò Lójú Páálí Àwo

Ẹ bá wa wo páálí àwo orin tuntun bí a ṣe sábà máa ń rí i láàrin Ìkàrẹ́ sí Ọ̀kà. Olórin wà láàrin, ó wọ awò dúdú, ó na ọwọ́ síwájú. Mọ́tò tí kì í ṣe tirẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ilé gogoro kan yọ lẹ́yìn rẹ̀ tí kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo Àkókó. Dubai ni wọ́n ti gé e wá. Iná ń jó nísàlẹ̀, dọ́là ń já bọ́ láti òkè. Lẹ́yìn náà ni fọ́tò àwọn tó dá owó: alága kan, òṣèlú méjì, ẹ̀gbọ́n kan tó wà lókè òkun, ìyálọ́jà kan, oníkálukú nínú róbótó tirẹ̀ bíi ti ìwé ètò ìsìnkú. Nọ́ńbà fóònù mẹ́ta wà nísàlẹ̀ pátápátá. Àkọlé orin ńkọ́? Ẹ ṣì máa wá a.

Àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ yìí là ń sọ̀rọ̀ o, kì í ṣe àlejò. Àwa là ń jókòó ti CorelDRAW, àwa náà là ń fi PixelLab ṣe é lórí fóònù nígbà tí NEPA bá ti mú iná wọn lọ. Ohun tí a fẹ́ sọ kò pọ̀. Olórin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ nílò ohun kan ṣoṣo lójú páálí rẹ̀, ohun tó ti inú orin náà jáde, àti orúkọ tí a kọ dáadáa. Ìyókù, ẹ kó o kúrò. Fọ́tò olówó ni kí ẹ sì fi bẹ̀rẹ̀.

A mọ ohun tí wọ́n máa sọ. Wọ́n á ní ṣé a mọ iye tí sítúdíò ń gbà ni? Ṣé a mọ ẹni tó san án? A mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé owó yẹn ká wo ibi tó gbà.

Olórin kékeré nílé wa kì í rí owó gidi lórí Spotify tàbí Boomplay. Àwọn tó ń gbọ́ ọ níbẹ̀ kò tíì pọ̀ tó. Ọjọ́ ìkójáde àwo, èyí tí gbogbo wa ń pè ní lọ́ńṣìn, ló ti ń rówó. Wọ́n á gba gbọ̀ngàn, wọ́n á to àga, wọ́n á pe alága ọjọ́ náà àti ìyá ọjọ́ náà. Wọ́n á gbé sídíì kan sókè, alága á gba máíìkì, á ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún náírà lòun fi ra tòun. Àtẹ́wọ́ á dún. Alága á gba sídíì, á wọ mọ́tò, ó di ilé.

Ó dáa. Inú ẹ̀rọ wo ló fẹ́ kì í bọ̀? Mọ́tò ayé ìsinsìnyí kò lójú ibi tí sídíì ń wọ̀ mọ́, kọ̀ǹpútà ọmọ rẹ̀ náà kò ní in. Tó bá máa gbọ́ orin yẹn rárá, orí WhatsApp ni yóò ti gbọ́ ọ. Páálí ló rà! Nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, páálí yẹn nìkan ló bá a délé. Ẹ sì wo ohun tí ẹ fi lé e lọ́wọ́: ike pẹlẹbẹ, ìwé dídán tí yíǹkì rẹ̀ ń ràn mọ́ ọwọ́, tí ojú òun fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀ ní ìwọ̀n bọ́tìnnì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ẹni tí òun àti rẹ̀ kì í kí ara wọn. Tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, ó ti wà lábẹ́ àga mọ́tò pẹ̀lú ike omi.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé páálí kì í ṣe èèpo tí wọ́n ń bó sọnù. Ní lọ́ńṣìn, òun gan-an ni ọjà.

Báwo ni a ṣe fẹ́ kó rí? Bébà aláwọ̀ ilẹ̀ tó nípọn, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe àpòòwé ńlá. Kí a ká a lẹ́ẹ̀mejì, kí a má fi ike sí i. Yíǹkì kan ṣoṣo. Àwòrán aláwọ̀ mèremère gba yíǹkì mẹ́rin àti pléètì mẹ́rin nílé ìtẹ̀wé. Iṣẹ́ aláwọ̀ kan gba pléètì kan. Owó tó bá yọ níbẹ̀, ẹ fi ra bébà tó dáa. Ẹni tó bá fẹ́ kó sídíì sínú rẹ̀ lè kó o sí i, a ò bá a jà. Àwa á kúkú fi káàdì kékeré kan sí i tó ní àmì tí fóònù lè kà, tí yóò gbé ènìyàn lọ tààrà síbi tí orin wà.

Kí a wá fi ọwọ́ kọ nọ́ńbà sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. A kọ́ ni èyí kì í ṣe àwa la dá a sílẹ̀. Ní 1968, nígbà tí òkìkí àwọn Beatles ti kan gbogbo ayé, Richard Hamilton, oníṣẹ́ ọnà kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún wọn ní páálí funfun báláú. Wọ́n tẹ orúkọ ẹgbẹ́ náà yọ lára páálí láìfi yíǹkì sí i, wọ́n sì tẹ nọ́ńbà sórí èyí tó kọ́kọ́ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kẹ́ àìmọye ni wọ́n tẹ̀, síbẹ̀ ti oníkálukú yàtọ̀ sí ti ẹnì kejì. Ẹ wá ro ó wò ní lọ́ńṣìn Ìkàrẹ́, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń díje lórí ẹni tó máa kọ́kọ́ gba máíìkì. Ta ni yóò gba nọ́ńbà kìíní? Ẹ máa rí owó.

Àmọ́ gbogbo ayé ti mọ ojú Beatles kí wọ́n tó fi funfun jáde. Ọmọ Ọ̀kà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọrin kò lè fi páálí òfìfo jáde kó máa retí pé kí wọ́n mọ òun. A ní láti sọ èyí nítorí àwọn kan láàrin wa ti gbọ́ pé iṣẹ́ oníwọ̀nba ló wà nígboro báyìí, wọ́n wá ń fi dúdú bo gbogbo ojú páálí, wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ Òyìnbó kan sí àárín ní lẹ́tà tín-ín-rín tó jìnnà síra, wọ́n á ní ó ti tán. Ìyẹn kì í ṣe ìwọ̀nba, ọ̀lẹ ni. Ìwọ̀nba ni aṣọ ẹtù: aró tó dúdú dáadáa, ìlà funfun tín-ín-rín lára rẹ̀, ó parí. Ẹni tó wọ agbádá ẹtù wọ òde, ta ló bi í pé àwọ̀ yòókù dà? A kì í fi ọlá jẹ iyọ̀.

Àwọn tó mọ ìtàn á mú Fẹlá jáde sí wa. Wọ́n á ní ṣebí páálí Fẹlá kún fọ́fọ́. Ó kún lóòótọ́. Lemi Ghariokwu, tó bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán fún un pẹ̀lú Alagbon Close ní 1974, tó sì ya 26 nínú páálí àwo rẹ̀, kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní fífi àyè sílẹ̀. Ṣùgbọ́n orin ló ń gbọ́ kó tó mú bírọ́ọ̀ṣì, kò sì sí ohun kan níbẹ̀ tí kò ti inú ọ̀rọ̀ Fẹlá wá. Fẹlá tó já ẹ̀wọ̀n ọwọ́ rẹ̀ lójú Alagbon Close kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ẹ bá wa wá ibi tí ìyálọ́jà ti wọnú orin yín. Ohun kejì: páálí rẹ́kọ́ọ̀dù ìgbà yẹn fẹ̀ tó ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Ojú fóònù ni tiyín wà, ní ìwọ̀n èékánná àtàńpàkò. Kí ni èékánná fẹ́ gbà? Àwọn tó ń gbé orin sórí Apple Music gan-an kì í gba nọ́ńbà fóònù lójú àwòrán. Wọ́n á dá a padà, ẹ̀yin á wá máa sọ pé wọ́n ń ṣe yín.

Olórin kan láti Ọ̀kà gbé orin márùn-ún wá bá wa pẹ̀lú fọ́tò mọ́kànlá. A ní kó gbé fọ́tò sápá kan ná, kó jẹ́ ká gbọ́ orin. Nínú mẹ́ta nínú márùn-ún, ó dárúkọ òkè: òkè tí ìyá rẹ̀ ń gùn lọ sóko, òkè tí òun sá gùn nígbà kan. Ohun tí a yà kò ju ìlà kan lọ, bí orí àpáta Ọ̀kà ṣe rí lójú ẹni tó ń bọ̀ láti Àkùngbá. Ọmọ ìlú yẹn tó bá rí ìlà náà kò ní béèrè ohun tó jẹ́. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí.

Orúkọ ló wá kù, ibẹ̀ gan-an ni ìjà wa wà. Tí ohun méjì péré bá wà lójú páálí, kò síbi tí àṣìkọ máa sá pamọ́ sí. Ẹ kọ "Oka" láìsí àmì, kí ẹ wá sọ fún wa: ṣé ìlú ni, ṣé ọkà tí à ń rò lámàlà ni, àbí ọká tó ń buni ṣán? "Akoko" ńkọ́? Ìlú wa, ìgbà, àbí ewé tí wọ́n fi ń joyè? Wọ́n á ní fọ́ǹtì ni kò gbà á. Fọ́ǹtì tí ẹ yàn ni kò gbà á. Noto Sans gbà á, Gentium gbà á, ọ̀fẹ́ sì ni méjèèjì. Nígbà tí kò bá sí iná àti dọ́là lójú páálí mọ́, àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà yẹn ni ọ̀ṣọ́ tó kù, ó sì tó.

Ẹ sì wo àyè tó ṣẹ́ kù nínú páálí tí a ká. Ọ̀rọ̀ orin ni kí ẹ tẹ̀ síbẹ̀. Ìgbà wo lẹ rí ẹ̀ka èdè Ọ̀kà tàbí ti Ìkàrẹ́ nínú ìwé títẹ̀ gbẹ̀yìn? Ọmọ tó ń fi ohùn ìyá rẹ̀ kọrin ní 2020-ò-lé ń sọ ohun tí kò sí ìwé ilé ẹ̀kọ́ tó kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ̀yin wá ń fi ojú ibẹ̀ lẹ fọ́tò kánsẹ́lọ̀. Ẹni tó bá ka ọ̀rọ̀ orin yẹn lè ṣàríyànjiyàn lórí bó ṣe yẹ kí wọ́n kọ ọ́; àríyànjiyàn yẹn gan-an la fẹ́.

Àwọn olówó ńkọ́? A ò ní kí ẹ dójú tì wọ́n. Lábẹ́ ọ̀rọ̀ orin, ẹ kọ orúkọ wọn ní lẹ́tà kan náà, láìsí "Honourable" mẹ́ta níwájú. Ẹ fi fọ́tò wọn sára bánà gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà, kó tóbi bí wọ́n bá ṣe fẹ́. Ẹni tó bá sì fẹ́ kí wọ́n ki òun, kó sọ fún olórin. Inú orin ni àwọn onijùjú ti ń ki olówó látọjọ́ pípẹ́.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa tí ẹ ń náwó fún wọn, ẹ̀yin la fẹ́ bá sọ èyí tó kù, torí olórin kò lè sọ ọ́ fún yín. Kó tó di ọjọ́ lọ́ńṣìn, ẹ pè é, ẹ ní kó yọ ojú yín kúrò. Ẹni tó bá kọ́kọ́ pè ni kí wọ́n kọ nọ́ńbà kìíní fún.