Ọ̀wẹ̀ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Bẹ̀

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tí ó ni oko ni ó ń bẹ ọ̀wẹ̀. Òun ni yóò dá ọjọ́, òun ni yóò fi ibi tí ebè yóò dé han àwọn tí ó wá ràn án lọ́wọ́, òun náà ni yóò sì bọ́ wọn yó. Ẹni tí ó bá gbé ọkọ́ wọ oko olóko láìjẹ́ pé wọ́n pè é, tí ó tún ń pàṣẹ ibi tí wọn yóò kọ ebè sí, ọ̀wẹ̀ kọ́ ni ó wá ṣe. Kí wá ni orúkọ ìrìn-àjò tí àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń rìn lọ sí abúlé ilẹ̀ Áfíríkà fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta nígbà òtútù wọn, láti mọ ògiri ilé-ìwé tàbí láti kùn ún ní ọ̀dà?

Ouagadougou, olú-ìlú Burkina Faso, jẹ́ ẹnu-ọ̀nà irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Nígbà tí yìnyín bá bo ọ̀dọ̀ tiwọn, ọyẹ́ ni ó ń fẹ́ níbẹ̀: òjò ti dá, ọ̀nà abúlé sì ṣeé gbà. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 2016, àwọn agbésùnmọ̀mí kọlu ilé oúnjẹ Cappuccino àti òtẹ́ẹ̀lì Splendid ní ìlú náà. Ènìyàn 30 ni ó kú. Mẹ́fà nínú wọn jẹ́ ará Québec ní Kánádà, tí ó wá ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́. Ọmọlúàbí kan kò ní fi ẹnu tẹ́ wọn, nítorí ọkàn rere ni ó gbé wọn kúrò nílé. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ tí ó wà nílẹ̀ kì í ṣe ti ọkàn. Ti èdè ni.

Mooré ni èdè àwọn Mossi tí ó yí Ouagadougou ká. Àlejò ọlọ́sẹ̀ méjì kò gbọ́ ọ. Faransé ni yóò bá olùkọ́ abúlé sọ, bí òun fúnra rẹ̀ bá tilẹ̀ gbọ́ Faransé. Ìyá tí kànga rẹ̀ ti gbẹ kò ní ẹni tí yóò sọ fún pé omi ni òun ń wá, kì í ṣe ọ̀dà. Wọn yóò kun ògiri, wọn yóò ya fọ́tò, wọn yóò wọ bàálù.

Àwọn kan yóò ní bíríkì kò gbọ́ èdè kankan. Kí wọ́n wo ọdún 1985. Báńkì Àgbáyé kọ̀ láti fi owó sílẹ̀, ni ìjọba Thomas Sankara bá pe àwọn ará Ouagadougou jáde láti fi ọwọ́ ara wọn to ojú irin lọ sí ìhà Kaya, nǹkan bí 100 kìlómítà. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó lọ tìfẹ́tìfẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ẹni tí ó ni ọ̀nà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1986, ìjọba kan náà dá ẹ̀kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà sílẹ̀ fún 35,000 ènìyàn ìgbèríko, ní èdè ìbílẹ̀ mẹ́sàn-án. Ètò náà kò pé. Àkókò rẹ̀ kúrú, ẹni tí ó bá sì mọ̀ ọ́n kà tí kò rí ìwé kà mọ́ yóò gbàgbé. Síbẹ̀, ó bi àgbẹ̀ léèrè ní èdè tí àgbẹ̀ lè fi dáhùn.

Ẹgbẹ́ Peace Corps ti Amẹ́ríkà pàápàá, tí ìjọba rẹ̀ ní ìdí tirẹ̀, ń kọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Mooré tàbí Jula kí wọ́n tó wọ abúlé, ọdún méjì ni wọ́n sì ń lò níbẹ̀. Ọdún 2017 ni ó kó wọn kúrò nítorí ààbò.

Láti oṣù Kìíní ọdún 2024, òfin Burkina Faso ti sọ àwọn èdè ìbílẹ̀ di èdè ìjọba, ó sì rẹ Faransé sílẹ̀ sí èdè ìṣiṣẹ́. Bí ọ̀nà bá tún là, àwọn tí ń ṣètò àgọ́ iṣẹ́ ọ̀fẹ́ kò ní àwáwí mọ́. Arìnrìn-àjò kò lè wọ orílẹ̀-èdè náà láìsí ẹ̀rí abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú. Kí wọ́n béèrè ẹ̀rí Mooré oṣù mẹ́ta pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tí kò bá ráyè kọ́ ọ, kí ó fi owó bàálù rẹ̀ ránṣẹ́ sí bíríkìlà abúlé náà.