Ilé Ìtẹ̀wé Aké: Ilé Wó, Orúkọ Kò Parẹ́

Ilé là ń wò, kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní Abẹ́òkúta, ilé kan wó. Orúkọ ohun tí wọ́n ń tẹ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n padà fi sọ ilé mìíràn.

Ní ọdún 1859, nínú ọgbà míṣọ́n ní Aké, ni Àlùfáà Henry Townsend ti ẹgbẹ́ CMS bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròhìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Ọ̀rọ̀ ìjọ, ti ọjà àti ti ogun ni ó ń gbé kiri. Ní 1867, aáwọ̀ Ẹ̀gbá pẹ̀lú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó gbóná. Àwọn ará ìlú kọlu àwọn ilé ìjọsìn, wọ́n lé àwọn òyìnbó jáde, wọ́n sì run ilé ìtẹ̀wé. Ìfọ́lé ni a ń pe ìṣẹ̀lẹ̀ náà títí dòní.

Lónìí, Ìwé Ìròhìn ni orúkọ ilé àwọn oníròyìn ní Òkè-Ìléwó. Ó yẹ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ nìkan kò tó ogún. Ìjà ló fọ́ ilé ti Aké. Àìbìkítà ló ń run àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́ tí ó wà nínú àpótí àwọn bàbá. Ẹni tí ó bá rí wọn níbẹ̀, kí ó má fi wọ́n wé àkàrà; kí ó kó wọn lọ sí ilé ìkàwé. Ilé tí ó wó ṣe é tún kọ́. Ìwé tí ó bá ṣègbé, ta ni yóò tún un kọ?