Ìrètí Kì Í Ní Kí Ọlọ́fọ̀ Má Sunkún

Nínú oṣù kẹwàá ọdún 2019, táńkà epo kan ṣubú ní Upper Iweka, nílùú Onitsha. Iná sọ, ìyá kan kú tòun tọmọ rẹ̀, iná náà sì ran ṣọ́ọ̀bù àti ilé títí dé àdúgbò ọjà Ochanja. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ tó máa ń yá jù lẹ́nu àwa onígbàgbọ́ ni pé kí ọlọ́fọ̀ nu ojú nù, Ọlọ́run ló mọ ìdí rẹ̀. Èmi ò gbà pé ìrètí nìyẹn. Ìtàn bí ẹ̀sìn Kristẹni ṣe dé Onitsha gan-an ta ko irú ìtùnú bẹ́ẹ̀, ọmọ Yorùbá sì ni ọ̀kan nínú àwọn tó gbé e débẹ̀.

Ọjọ́ 27, oṣù keje, ọdún 1857, ni Samuel Àjàyí Crowther àti John Christopher Taylor dá iṣẹ́ ìjọ CMS sílẹ̀ ní Onitsha, nígbà ayé Obi Akazua, ọba Onitsha. Ọmọdé ni Àjàyí nígbà tí wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn lọ́dún 1821. Wọ́n ń tà á látọwọ́ dé ọwọ́ títí tó fi bá ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló gbà á sílẹ̀ lọ́dún 1822, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown. Sierra Leone ni wọ́n ti bí Taylor ní tirẹ̀. Ìgbò ni àwọn òbí rẹ̀, ẹrú tí wọ́n dá sílẹ̀ ni wọ́n. Àwọn tí ayé ti gba tọwọ́ wọn rí ló wá ń sọ̀rọ̀ àjíǹde létí odò Ọya. Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ wọn wúwo lójú mi nìyẹn.

Ẹnìkan lè sọ pé Crowther rí èrè ìrètí tirẹ̀ gbà láyé níbí, nítorí ó tún fojú kan ìyá rẹ̀ l'Ábẹ́òkúta lọ́dún 1846, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ńkọ́? Láti ọjọ́ tí ogun wọ Òṣogùn, tí wọ́n kó o lẹ́rú, kò rí i mọ́ títí ayé. Nígbà tó sì di arúgbó, lọ́dún 1890, inú ìjọ tó sìn ni àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó kan ti tàbùkù rẹ̀. Kò torí èyí sọ ìgbàgbọ́ nù kó tó kú lọ́dún 1891. A jẹ́ pé ìrètí rẹ̀ kò dúró lórí pé ohun tó sọnù padà. Jésù mọ̀ pé òun máa tó jí Lásárù dìde, síbẹ̀ ó sunkún kó tó dé ibojì rẹ̀. Bí ẹni tó mú àjíǹde lọ́wọ́ bá lè sunkún, ta ni wá tí a ó máa bá opó wí nítorí omijé? Pọ́ọ̀lù pàápàá kò ní kí àwọn ará Tẹsalóníkà má ṣọ̀fọ̀; bí ẹni tí kò nírètí ni kò fẹ́ kí wọ́n ṣe é.

Àtakò tó le jù ni ti àwọn tó ń sọ pé ìgbàgbọ́ ń sọ wá di ẹni tí í ká ọwọ́ gbera, táńkà á sì máa pa wá lọ. Mi ò ní jiyàn pé kò sí ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Crowther tó gba Ọlọ́run gbọ́ náà ló dúró níwájú Ọbabìnrin Victoria lọ́dún 1851, tó sọ ohun tí òwò ẹrú ń ṣe nílẹ̀ wa. Bí òkú wa bá níye lórí lọ́dọ̀ Ọlọ́run tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi jí wọn, a ò gbọdọ̀ pe táńkà tí kò dára àti panápaná tó pẹ́ ní àmúwá Ọlọ́run.

Nítorí náà, ẹ̀yin àlùfáà àti ọmọ ìjọ, ẹ jẹ́ kí ọlọ́fọ̀ sunkún tẹ́rùn. Ẹ padà lọ bá a lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tú àtíbàbà, tí èrò ti lọ tán. Ẹ béèrè owó iléèwé àwọn ọmọ, ẹ béèrè ṣọ́ọ̀bù tó jóná, kí ẹ sì bá a kọ̀wé sí ìjọba bó bá yẹ.