Ẹ̀sùn Àjẹ́ Nínú Eré àti Nínú Ilé: Ta Ló Ń Jèrè Rẹ̀?

Ẹni tó bá ń wo fíìmù Yorùbá nílùú Ìwó mọ bí ọ̀rọ̀ àjẹ́ ṣe máa ń lọ. Ọmọ kú, òwò dàrú, aboyún ò rí ọmọ bí. Wọ́n á gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ babaláwo tàbí wòlíì, ìyẹn á sì nawọ́ sí ìyá àgbà kan nínú ilé. Kí fíìmù tó parí, ìyá náà á ti máa ka gbogbo iṣẹ́ ibi tó ṣe. Òǹwòran á mí kanlẹ̀ pé ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́.

Ohun tí irú eré bẹ́ẹ̀ kì í sábà béèrè ni pé ta lẹni tó kọ́kọ́ pariwo, kí ló sì máa rí gbà níbẹ̀? Ìbéèrè yìí kì í ṣe kékeré. Abala 210 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn Nàìjíríà sọ pé ẹni tó bá pe ẹlòmíì ní àjẹ́, tàbí tó halẹ̀ pé òun máa pè é bẹ́ẹ̀, lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún méjì. Ẹni tó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé àjẹ́ lòun náà wà nínú òfin yìí.

Eré tó yẹ ọwọ́ olùfisùn wò

Eré kan wà tó dojú ìbéèrè yìí kọ. The Crucible lorúkọ rẹ̀. Arthur Miller, ọmọ Amẹ́ríkà, ló kọ ọ́, wọ́n sì kọ́kọ́ ṣe é ní New York lóṣù kìíní ọdún 1953. Ìtàn ìlú Salem, ní Massachusetts, ló dá lé lórí, níbi tí wọ́n ti yẹgi fún èèyàn 19 lọ́dún 1692 nítorí ẹ̀sùn àjẹ́. Ẹnì kan tún wà, Giles Corey, tí wọ́n to òkúta lé láyà títí ó fi kú.

Kò sí ibi tí Miller ti fi àjẹ́ han òǹwòran. Àwọn tó ń pariwo àjẹ́ ló fi hàn. Abigail ti ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀ rí nílé àgbẹ̀ kan, John Proctor. Bàbá ilé bá a lò pọ̀, Elizabeth tó jẹ́ ìyàwó ilé mọ̀, ó sì lé e síta. Nígbà tí ariwo àjẹ́ wá bẹ̀rẹ̀, orúkọ Elizabeth ò pẹ́ rárá tó fi jáde lẹ́nu Abigail. Ẹ̀san ló ń gbà. Ó sì ń retí pé bí wọ́n bá pa ìyàwó, òun lòun máa wọlé.

Ní ti Thomas Putnam, ilẹ̀ lojú rẹ̀ wà. Ọmọbìnrin rẹ̀ pe aládùúgbò wọn, George Jacobs, ní oṣó. Nínú eré náà, ẹni tí wọ́n bá yẹgi fún á pàdánù ilẹ̀ rẹ̀. Corey wá sọ ọ́ ní gbangba kóòtù pé Putnam nìkan ló lówó láti ra ilẹ̀ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Corey fúnra rẹ̀ kọ̀, kò dáhùn ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án, kí oko rẹ̀ lè bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀.

Òótọ́ ni pé Miller fi tirẹ̀ kún un. Abigail gidi ò ju ọmọ bí ọdún 11 lọ, Proctor sì ti ń lọ sí 60 ọdún. Àmọ́ ìjà ilẹ̀ tó wà láàárín ìdílé Putnam àtàwọn aládùúgbò wọn ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Bákan náà, ní Salem, ẹni tó bá jẹ́wọ́ ni wọ́n dá sí. Ẹni tó sọ pé òun ò ṣe é ni wọ́n pa.

Àtíngà nílẹ̀ Yorùbá

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan lèyí, kó rántí Àtíngà. Láàárín 1950 sí 1951, àwọn amúnijẹ́wọ́ kan gbéra láti Gold Coast, tó ń jẹ́ Gánà lónìí, wọ́n gba Dahomey kọjá, wọ́n sì wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbádò. Ìlú ló ń sanwó kí wọ́n tó wá. Obìnrin tí wọ́n bá pè lájẹ̀ẹ́ tó sì jẹ́wọ́ á sanwó kí wọ́n wẹ̀ ẹ́ mọ́. Tó bá ní òun kọ́, wọ́n á dúńbú adìyẹ, bí adìyẹ ọ̀hún bá ṣe dùbúlẹ̀ kú ni wọ́n fi ń dájọ́. Ìjọba amúnisìn fòfin dè wọ́n lọ́dún 1951.

Andrew Apter, tó ṣèwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí, so ó mọ́ owó kòkó tó ń wọlé nígbà náà àti agbára táwọn obìnrin ọlọ́jà ń ní. Èèyàn ò ní ṣàì kíyè sí i pé lágbègbè yẹn náà ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà, eré tí wọ́n fi ń yẹ́ àwọn ìyá sí, tí wọ́n sì fi ń tù wọ́n lójú. Àjẹ́ wà nínú ìgbàgbọ́ eré méjèèjì. Ọ̀kan ń fi orin àti ijó bẹ ìyá. Èkejì ń gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ tipátipá.

Ibi tí fíìmù wa dúró sí

Lọ́dún 1979, nígbà tí Hubert Ogunde gbé Aiyé jáde, babaláwo Ọ̀ṣẹ́túrá ló ń bá àwọn àjẹ́ jà, òǹwòran sì ń fojú ara rẹ̀ rí àwọn àjẹ́ náà. Kòtò Ọ̀run ti Yekini Ajileye tẹ̀ lé ọ̀nà yẹn, Ìyá Gbonkan sì di ìlú mọ̀ọ́ká. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe, kò sì sẹ́ni tó ní kí oníṣẹ́ eré má lo ìgbàgbọ́ ìran rẹ̀. Àmọ́ bí eré bá ti fi àjẹ́ han òǹwòran, kò sídìí láti yẹ ẹni tó fẹ̀sùn kàn án wò mọ́. Kámẹ́rà ti jẹ́rìí sí i.

Nínú ilé, kámẹ́rà ò sí. Òwe ló máa ń ṣẹlẹ́rìí: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Òwe tó dùn ún gbọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ti dájọ́ kó tó gbẹ́jọ́. Kò bi wọ́n léèrè bóyá ibà ló pa ọmọ.

Lóṣù karùn-ún 2024, àjọ tó ń yẹ fíìmù wò lórílẹ̀-èdè yìí kéde ìlànà tuntun lórí òògùn owó, ìpànìyàn ṣètùtù àti sìgá nínú fíìmù. Ó dáa. Àmọ́ ẹ̀sùn àjẹ́ ò nílò kí wọ́n fòfin dè é nínú fíìmù. Ohun tó nílò ni òǹkọ̀wé eré tó máa jẹ́ ká rí inú olùfisùn, ẹni tó fẹ̀jẹ̀ sínú tó ń tutọ́ funfun.

Ilé wa ńkọ́?

Ẹ wo ilé tí bàbá ti kú, tó fi ilẹ̀ àti ilé sílẹ̀. Nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù, tí ọ̀pọ̀ ará Ìwó ń ṣe, opó ní ìdá kan nínú mẹ́jọ ogún ọkọ rẹ̀ tí ọkọ bá bímọ, àti ìdá kan nínú mẹ́rin tí kò bá bí. Ẹbí ò lè sọ fún un pé kò ní ẹ̀tọ́. Tí wọ́n bá wá ní òun ló pa ọkọ, ta ló máa dúró kó tún máa béèrè ogún? Òun fúnra rẹ̀ á dì í lẹ́rù lóru.

Ibi tírú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè já sí kò jìnnà. Lóṣù keje 2020, wọ́n lu ìyá ẹni 90 ọdún kan pa ní Kafaba, lápá àríwá Gánà, lórí ẹ̀sùn àjẹ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Ìgbìmọ̀ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fẹnu kò pé kí gbogbo orílẹ̀-èdè dìde sí irú ìwà yìí.

Ìgbàgbọ́ kálukú nínú àjẹ́, tirẹ̀ ni. Àmọ́ bí wọ́n bá nawọ́ sí ìyá kan nínú agboolé, kí àgbà ilé kọ́kọ́ béèrè ohun mẹ́ta: kí ni dókítà sọ pé ó pa òkú? Ìjà wo ló ti wà láàárín olùfisùn àti ìyá yìí tẹ́lẹ̀? Tí ìyá bá kúrò nílé, ta ló máa gba yàrá, ìsọ̀ àti ilẹ̀ rẹ̀? Bí ìdáhùn sí ìbéèrè kẹta bá jẹ́ orúkọ olùfisùn, kí wọ́n gba tẹ́ṣàn lọ. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.