Ẹ Má Pe Iṣẹ́ ní Afẹ́

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo ní ẹjọ́ kan láti rò. Ní ìpàdé wa tó kọjá, ọ̀kan nínú wa ka ewì kan fún wa: òyìnbó gun kẹ̀kẹ́ la inú ọ̀dàn Amẹ́ríkà já, koríko ń jó, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ilẹ̀ ṣófo lọ bíi òkun. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, n ò ní purọ́. Ìgbà tí mo dé yàrá ni inú tó ń bí mi.

Ṣófo báwo? Ta ló kó àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kúrò?

Ẹ jẹ́ ká mú ìrìn kan tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 1897, ogún ṣọ́jà aláwọ̀ dúdú láti inú ẹgbẹ́ ọmọ ogun 25th Infantry gun kẹ̀kẹ́ kúrò ní Fort Missoula, ní Montana, wọ́n dorí kọ St. Louis. Nǹkan bíi máìlì 1,900! Ọjọ́ 41 ni wọ́n lò lójú ọ̀nà. Òyìnbó ni ọ̀gá wọn, James Moss. Ṣe ni wọ́n fẹ́ dán an wò bóyá kẹ̀kẹ́ lè ṣe iṣẹ́ ẹṣin fún ṣọ́jà. Ìbọn wà lẹ́yìn wọn, ẹrù àgọ́ àti ìbora wà lórí kẹ̀kẹ́.

Afẹ́fẹ́ lẹ́lẹ́ kẹ̀? Òjò rọ̀ ní Montana, amọ̀ lẹ̀ mọ́ táyà bí iyán ṣe ń lẹ̀ mọ́ odó, kẹ̀kẹ́ ò yí mọ́. Wọ́n bọ́ sójú irin rélùweè, wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ lórí pákó tí wọ́n tò sábẹ́ irin, gbà-gbà-gbà. Ẹ fi ìdí ara yín rò ó wò! Nígbà tí wọ́n dé àárín òkìtì yanrìn Nebraska, títì ni wọ́n ń ti kẹ̀kẹ́. Omi ibẹ̀ ń da inú wọn rú, Moss alára ṣàìsàn. Ilẹ̀ àwọn Crow ni wọ́n sì gbà kọjá, níbi tí àwọn Lakota àti Cheyenne ti ṣẹ́gun Custer lọ́dún 1876. Ilẹ̀ tí sàréè wà, òun lẹ ń pè ní òfìfo?

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní, "Ewì ni jàre, kì í ṣe ìtàn." Ó dáa. Ṣebí èdè Yorùbá là ń kọ́ níbí? Ta ló ń ki èèyàn láìdárúkọ rẹ̀? Orúkọ Moss ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ dá bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ìrìn yìí. Àwọn ogún yẹn ńkọ́?

Ẹ gba orúkọ kan: Sájẹ́ǹtì Mingo Sanders. Ó ti wọṣẹ́ ṣọ́jà láti 1881. Lẹ́yìn ìrìn kẹ̀kẹ́ yìí, ẹgbẹ́ wọn lọ jagun ní El Caney, ní Kúbà, lọ́dún 1898. Ní 1906, ìbọn dún lóru ní Brownsville, ní Texas, ẹnìkan kú, wọ́n di ẹ̀bi rù àwọn ṣọ́jà dúdú tó wà níbẹ̀. Kò sí ilé ẹjọ́, kò sí adájọ́. Ààrẹ Theodore Roosevelt lé 167 nínú wọn dànù. Sanders wà níbẹ̀. Ó kù díẹ̀ kó gba pẹ́ńṣàn! Ó kú lọ́dún 1929. Ọdún 1972 ni ìjọba tó wẹ orúkọ wọn mọ́.

Ọ̀rẹ́ mi ni ẹni tó ka ewì yẹn o, a kì í jà. Àmọ́ mo ti ń kọ tèmi, orúkọ Sanders ni mo fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Màá kà á ní ìpàdé tó ń bọ̀. Kó wá dá mi lóhùn.