ÀMÌ ORÚKỌ LÁRA AṢỌ ÌRÁNTÍ

Ẹ̀yin Ọba Aládé, ẹ̀yin Ìjòyè, àti gbogbo ẹ̀yin alákọ̀wé ìlú, ọ̀rọ̀ kan wà tí a fẹ́ fi tó yín létí. Ó kéré lójú, ṣùgbọ́n bí a bá fojú fò ó, yóò di ẹ̀gàn fún àwọn ọmọ wa lẹ́yìn ọ̀la.

Láìpẹ́ yìí ni a bá wọn péjọ níbi ìwúyè kan. Lára àwọn ẹ̀bùn tí a gbé síwájú ìjòyè tuntun náà ni aṣọ kan tí a fi sínú férémù, tí a fi abẹ́rẹ́ kọ oyè rẹ̀ àti ọjọ́ náà sí. Iṣẹ́ alágbèélébùú ni, èyíinì ni pé òwú méjì ń dábùú ara wọn lójú aṣọ kọ̀ọ̀kan títí wọn yóò fi di lẹ́tà. Àwọn òdòdó tí a fi kókó òwú ṣe sì yí i ká. Iṣẹ́ náà mọ́, ó sì dùn ún wò. Ṣùgbọ́n OTUN ni a kà níbi tí ó yẹ kí a ka Ọ̀TÚN. Kò sí àmì lókè, kò sí àmì nísàlẹ̀. Ẹni tí yóò kà á ní àádọ́ta ọdún sí i, ta ni yóò sọ fún un bóyá oyè Ọ̀tún ni, tàbí ohun ọ̀tun?

A kò bá ọmọbìnrin tí ó rán an wí. Ó ní ìwé àwòkọ́ṣe òun ti òkè òkun wá, lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó sì wà nínú rẹ̀. Òótọ́ ni. Síbẹ̀, kókó tí ó tó fún àárín òdòdó, ṣé kò tó fún abẹ́ O ni?

Àwọn kan yóò wí pé eré ọwọ́ obìnrin ni èyí, kò yẹ ní ohun tí ìjòyè ń bá fà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo aṣọ ọ̀gbọ̀ kan tí ó wà ní Ilé-Ìṣẹ̀ǹbáyé Victoria and Albert ní Lọ́ńdọ̀nù. Jane Bostocke ni ó fi òwú ṣẹ́dà àti òwú onírin ṣe é, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ àti ọdún 1598 sí i. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá ọdún 1596, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní ọ̀sán, ni a bí Alice Lee. Iṣẹ́ alágbèélébùú wà nínú rẹ̀, kókó òwú náà sì wà. Ó ti lé ní irínwó ọdún, a sì ń ka orúkọ ọmọ náà síbẹ̀. Bí aṣọ bá lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, àṣìṣe tí a rán mọ́ ọn yóò pẹ́ bákan náà.

Àwọn tí ó kọ́kọ́ kọ èdè wa sílẹ̀, Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther láàrin wọn, ṣe làálàá lórí àmì wọ̀nyí. Ìpàdé pàápàá wáyé ní Èkó ní ọdún 1875 nítorí àkọtọ́. Kò yẹ kí abẹ́rẹ́ tú ohun tí kálàmù ti dì.

Iṣẹ́ náà kò sì le. Kí a fi ojú aṣọ méjì sílẹ̀ lókè lẹ́tà àti méjì nísàlẹ̀. Fún àmì abẹ́ Ẹ, Ọ àti Ṣ, kí a fa òwú jáde, kí a wé e mọ́ abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, kí a fà á le, kí a sì ti abẹ́rẹ́ padà sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ó ti jáde. Bí ó bá padà sínú ihò kan náà, kókó yóò yọ́ bọ́ sí ẹ̀yìn aṣọ. Àmì ohùn rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdajì àgbélébùú ni: apá kan ṣoṣo, tí ń gòkè lọ sí ọ̀tún fún ohùn òkè, tí ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí ọ̀tún fún ohùn ìsàlẹ̀.

Nítorí náà, a bẹ ẹnikẹ́ni tí yóò bẹ̀wẹ̀ aṣọ ìrántí, ìbáà ṣe ti ìsọmọlórúkọ, ti ìgbéyàwó tàbí ti oyè, pé kí ó kọ orúkọ náà sínú ìwé pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, kí ó fi lé aránṣọ lọ́wọ́, kí ó má sì gba èyí tí kò pé. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́, ẹ tún lẹ́tà inú ìwé yín yà ní ti Yorùbá. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ; nígbà tí a bá sì ti sọ ọ́ tán, ẹ jẹ́ kí a rán an bí a ti sọ ọ́.