Aṣọ Nìkan Kọ́ Ni Àṣà: Ẹ Fi Ìwé Lé Ọmọ Lọ́wọ́

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí kan gbogbo òbí, ó kan olùkọ́ Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, ó sì kan ọjọ́ ọ̀la ìjọ Ọlọ́run pẹ̀lú.

Ní Ìkòtún tí a wà yìí, a kì í rìn jìnnà kí a tó kan ilé-ìwé. Bí Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé, ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún, bá kù sí dẹ̀dẹ̀, tàbí tí ilé-ìwé bá kéde ọjọ́ àṣà, iṣẹ́ a máa pọ̀ lọ́wọ́ àwọn aránṣọ. Ìyá á sáré dé ọjà, á ra àdìrẹ, á ra ìlẹ̀kẹ̀, á ra fìlà. Ọmọ Yorùbá á wọ bùbá àti ṣòkòtò, ọmọ Ìgbò á dé fìlà pupa, ọmọ Ẹ̀gùn, ọmọ Ẹdó àti ọmọ Hausa á múra bí ti ilé wọn. Wọ́n á jó, a ó pàtẹ́wọ́, a ó ya fọ́tò.

Ó dára bẹ́ẹ̀, a kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ṣú, tí a bọ́ aṣọ náà, tí a ká a sínú àpótí, kí ni ọmọ yìí mọ̀ tí kò mọ̀ láàárọ̀? Bí a bá ṣí Bíbélì Yorùbá síwájú ọmọ tó wọ aṣọ Yorùbá, ǹjẹ́ ó lè ka ẹsẹ mẹ́ta já geere? Bí a bá sì ṣí ti Gẹ̀ẹ́sì fún un, tó kà á bí ẹni ń ka oríkì, ǹjẹ́ ó lè sọ fún wa ohun tí ó kà? Ọ̀pọ̀ olùkọ́ Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi mọ ìdáhùn ìbéèrè yìí, kò sì dùn mọ́ wọn nínú.

ÌRÁNTÍ TÍ Ó NÍ ÌWÉ NÍNÚ

Ọlọ́run wa fẹ́ràn ọjọ́ ìrántí. Nígbà tí Ísírẹ́lì la Jọ́dánì kọjá, Ó ní kí wọ́n gbé òkúta méjìlá láti inú odò, wọ́n sì to ó jọ ní Gílígálì (Jóṣúà 4). Kí ni ìdí rẹ̀? Kí àwọn ọmọ lè béèrè ohun tí òkúta náà túmọ̀ sí, kí àwọn baba sì lè dáhùn. Bákan náà ni ti Àjọ Ìrékọjá (Ẹ́kísódù 12:26-27). Nítorí ìbéèrè ọmọ ni òkúta fi wà níbẹ̀. Bí ọmọ kò bá béèrè, tàbí tí baba kò bá ní ìdáhùn, òkúta lásán ni.

Ó tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú Deuteronómì 31:10-13, Mósè pàṣẹ pé ní ọdún keje-keje, nígbà Àjọ Àgọ́, kí a kó gbogbo ènìyàn jọ, ọkùnrin, obìnrin, ọmọdé àti àlejò, kí a sì ka ìwé òfin sí wọn létí. Ẹ kíyè sí i: àjọ̀dún ni, ṣùgbọ́n ìwé wà níbẹ̀. Nígbà ayé Nehemáyà pẹ̀lú, wọ́n ka ìwé náà ketekete, wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ kí ó lè yé àwọn ènìyàn (Nehemáyà 8:8). Ìlànà Bíbélì nìyẹn. Níbi tí ìrántí bá wà, ìwé gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ẹni tí yóò ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọdé sì gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú.

ÌJỌ KÒ JẸ́ ÀJÈJÌ SÍ IṢẸ́ YÌÍ

Bóyá àwọn kan yóò sọ pé iṣẹ́ ilé-ìwé ni èyí, kì í ṣe iṣẹ́ ìjọ. Ẹ jẹ́ kí a rántí ibi tí Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ti ṣẹ̀. Ní ọdún 1780, ní ìlú Gloucester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin onígbàgbọ́ kan tó ń tẹ ìwé ìròyìn, Robert Raikes, bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn ọmọ tálákà jọ ní ọjọ́ Ìsinmi. Iṣẹ́ ni àwọn ọmọ náà ń ṣe láàárín ọ̀sẹ̀, wọn kò ráyè ilé-ìwé. Ìwé kíkà ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ wọn, Bíbélì sì ni wọ́n fi ń kọ́ wọn.

Ẹ sì wo ti ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1821, àwọn akónilẹ́rú kó ọmọdékùnrin kan tó ń jẹ́ Àjàyí ní Òṣogùn. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó wa yìí, níbi tí wọ́n ti kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní ọdún 1822, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown. Láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ọmọ tí a tà lẹ́rú ti ń ka Májẹ̀mú Titun. Wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un ní ọdún 1825, ó sì di Samuel Àjàyí Crowther. Ní ọdún 1846, ní Abẹ́òkúta, ó tún fojú kan ìyá tó bí i, lẹ́yìn ọdún 25. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 1864, wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Òun àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ló fún wa ní Bíbélì ní èdè Yorùbá, odidi rẹ̀ sì parí ní ọdún 1884.

Ẹ̀yin ará, ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀. Ìwé ni Ọlọ́run fi gbé ọmọ náà dìde. Ṣùgbọ́n bí Àjàyí bá ti gbàgbé èdè ìyá rẹ̀ nígbà tó mọ Gẹ̀ẹ́sì tán, ta ni ì bá ṣiṣẹ́ ìtumọ̀ náà? Nítorí ó di méjèèjì mú ni àwa ṣe ní Bíbélì tí a ń gbé kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ sí ìsìn. Ó yẹ kí ó dùn wá, nígbà náà, bí ọmọ ọmọ àwọn tó kọ́kọ́ ka Bíbélì náà kò bá lè kà á mọ́.

ǸJẸ́ GẸ̀Ẹ́SÌ KỌ́ NI Ó Ń FÚNNI NÍṢẸ́?

A mọ̀ pé òbí púpọ̀ ń bẹ̀rù pé bí ọmọ bá ń ka Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ yóò dàrú. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ dán ọ̀rọ̀ yìí wò. Wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, àwọn ọmọ wọ̀nyí kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n tilẹ̀ ṣe dáadáa ju àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ. Ọmọ tí ìwé bá ti yé ní èdè tó ń gbọ́, ó ti mọ ohun tí à ń pè ní ìwé kíkà. Èdè kejì yóò bá ìmọ̀ náà nílẹ̀.

Síbẹ̀, a kò lè gbé gbogbo ẹrù yìí lé ìjọba lórí. Ní ọdún 2018, Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin pé kí gbogbo ilé-ìwé máa kọ́ èdè Yorùbá. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé èdè abínibí tàbí ti àdúgbò ni kí a máa fi kọ́ni ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé a ti fagi lé ìlànà yẹn, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni. Ìlànà ìjọba a máa yí padà, ṣùgbọ́n àṣẹ tí Ọlọ́run pa fún òbí kò yí padà: nígbà tí o bá jókòó nínú ilé, nígbà tí o bá ń rìn ní ọ̀nà, kọ́ àwọn ọmọ rẹ (Deuteronómì 6). Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

ÌWÉ TI ÀWỌN ẸLÒMÍRÀN ŃKỌ́?

Nínú ìjọ wa ní Ìkòtún, kì í ṣe Yorùbá nìkan ló wà. Ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì pàápàá, Ẹ̀mí Mímọ́ kò sọ gbogbo èdè di ẹyọ kan. Olúkúlùkù gbọ́ iṣẹ́ ìyanu Ọlọ́run ní èdè tirẹ̀ (Ìṣe Àwọn Àpósítélì 2). Nítorí náà, kí ọmọ Ìgbò ka ti Ìgbò, kí ọmọ Ẹ̀gùn mọ ti Ẹ̀gùn, kí ọmọ wa sì ka ìtàn ọmọ aládùúgbò rẹ̀. Ọmọ tó bá ka Chike and the River tí Chinua Achebe kọ ní ọdún 1966 yóò bá ọmọ kan wo odò Ọya láti Onitsha. The Passport of Mallam Ilia tí Cyprian Ekwensi kọ, ọmọ Ìgbò ló kọ ọ́, ilẹ̀ Hausa ni ìtàn rẹ̀. Nínú My Father's Daughter, Mabel Segun sọ bí ọmọ pásítọ̀ ṣe dàgbà. Nínú Kúyẹ̀, J. F. Ọdúnjọ, ẹni tó kọ Aláwìíyé, kọ ìtàn ọmọ òrukàn tí kò gbọ́ràn tí kò sì lè sọ̀rọ̀. Ọmọ tó bá ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò ní fi odi tàbí aditi ṣẹ̀sín.

A mọ ìbéèrè tó wà lọ́kàn àwọn kan: ti Fágúnwà ńkọ́, tí iwin àti ẹbọra kún inú rẹ̀? Àwọn kan ní kí a má jẹ́ kó wọ ilé onígbàgbọ́. Ẹ jẹ́ kí a ro ó pẹ̀lú sùúrù. Olùkọ́ ni Fágúnwà, onígbàgbọ́ sì ni. Ilé ìtẹ̀wé ìjọ C.M.S. ló tẹ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní ọdún 1938. Ìwé Bunyan tí David Hinderer, míṣọ́nnárì ará Jámánì, túmọ̀ sí Yorùbá, òmìrán àti ẹ̀mí búburú wà nínú rẹ̀, a sì ń fi í kọ́ni nípa ìrìn àjò onígbàgbọ́.

Dáníẹ́lì ni kí a fi ṣe àwòkọ́ṣe. Ó kọ́ ìwé àti èdè àwọn ará Kálídíà, Ọlọ́run fúnra Rẹ̀ ló sì fún un ní ìmọ̀ nínú rẹ̀ (Dáníẹ́lì 1:4, 17). Ṣùgbọ́n kò jẹ oúnjẹ ọba, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò sì wólẹ̀ fún ère. Ààlà tiwa náà nìyẹn. Bí ọjọ́ àṣà bá ní ẹbọ tàbí ìjúbà òrìṣà nínú, ọmọ wa kò ní bá wọn ṣe é, kí òbí sì fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́ fún olùkọ́ ṣáájú ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ìtàn, òwe, àlọ́ àti èdè kì í ṣe òrìṣà. Kí òbí jókòó ti ọmọ bó ṣe ń kà, kó sọ fún un pé, “Báyìí ni àwọn baba wa ṣe rò ó; ohun tí Kristi sì fi hàn wá rèé.”

OHUN TÍ A LÈ BẸ̀RẸ̀ LÓṢÙ YÌÍ

Èkínní, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sílẹ̀ lálẹ́, lẹ́yìn àdúrà, kí ọmọ kàwé sókè. Bí òbí kò bá mọ̀wé, kí ọmọ kà á fún un, kí òbí sì béèrè ohun tó yé e. Lóìsì àti Yùníìsì, ìyá àgbà àti ìyá, ni wọ́n tọ́ Tímótì nínú ìgbàgbọ́, láti ọmọdé ló sì ti mọ Ìwé Mímọ́ (2 Tímótì 1:5, 3:15).

Èkejì, kí a má jẹ́ kí ọjọ́ ìrántí kan kọjá láìsí ìwé. Ọjọ́ 21 oṣù Kejì ni ọjọ́ èdè abínibí àgbáyé, ní ìrántí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n pa ní Dhaka ní ọdún 1952 nítorí èdè wọn. Kí àwọn ọmọ ka Sáàmù ní èdè ilé wọn lọ́jọ́ náà. Ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún, kí a fi owó aṣọ ra ìwé kan mọ́ ọn. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà, kí a sọ ìtàn Àjàyí Crowther. Ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ni ti mọ̀-ọ́n-kọ-mọ̀-ọ́n-kà. Kí ọmọ tó mọ̀wé kọ́ àgbà kan bí a ṣe ń kọ orúkọ.

Ẹ̀kẹta, kí ìjọ kọ̀ọ̀kan ní pẹpẹ ìwé kan. Ìwé àlòkù tó mọ́ tó. Kí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti kà tán mú tirẹ̀ wá fún ọmọ ẹlòmíràn.

Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ẹ wo iye ilé tí à ń kọ́ ní Ìkòtún yìí, ẹ sì wo ilé ìjọsìn tí à ń fi omijé àti ọrẹ kọ́. Bí àwọn ọmọ kò bá lè ka Ìwé náà fúnra wọn, ẹnikẹ́ni tó bá dé pẹ̀lú ẹ̀kọ́ èké ni yóò rí wọn kó lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá lè kà á, wọn yóò dàbí àwọn ará Bèróà, tí wọ́n ń wá inú Ìwé Mímọ́ lójoojúmọ́ láti mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí.

Kí Olúwa ṣí ojú inú àwọn ọmọ wa, kí Ó sì fún àwa òbí ní sùúrù láti jókòó tì wọ́n. Ó di oṣù tó ń bọ̀. Àmín.